Pẹpẹ, pákó olóhùn mẹ́ta àti lẹ́tà 25: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ oṣù méje fún ọmọ ọdún méjì

Èrèlé: ohun tí ó gbé mi dé ìdí ayùn

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo ń ròyìn rẹ̀ yìí, ó ku oṣù kan kí Àjọkẹ́, ọmọbìnrin wa, pé ọmọ ọdún méjì. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí a fẹ́ fi í sí ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí náà ọdún kan gbáko ni yóò fi wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, nígbà tí èmi àti ìyawó mi bá lọ síbi iṣẹ́. Fóònù ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ọmọ náà lórí ẹní, ó tẹjú mọ́ fóònù Ìyá Àgbà, àwọn àwòrán aláwọ̀ mèremère ń kọrin Gẹ̀ẹ́sì níwájú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì pe orúkọ rẹ̀ kí ó tó gbójú sókè. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 ni pé kí ọmọ ọdún kan má jókòó ti irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì má sì ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bí ó bá sì dín sí i, ó sàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀, kò sì tọ́ kí n kàn di ẹrù náà ru ìyá àgbàlagbà tí ó ń dáná, tí ó ń fọṣọ, tí ó sì tún ń sáré tẹ̀lé ọmọ kiri.

N kì í ṣe káfíńtà. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, ohun tí mo sì mọ̀ nípa igi kò ju pé ó máa ń gún ènìyàn lọ́wọ́ lọ. Bàbá kan tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ igi lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n gbà kí n máa wá lo ibi iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ Sátidé, lórí àdéhùn pé èmi ni n óò máa gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, n kò sì ní fọwọ́ kan ayùn oníná. Ohun mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé ìṣirò mi pé n óò ṣe: pẹpẹ kékeré tí ọmọ lè dé, ohun kan tí yóò jẹ́ kí etí rẹ̀ mọ ohùn èdè wa, àti lẹ́tà Yorùbá tí ó ṣeé fọwọ́ pa. Ẹ̀kẹta ni ó wù mí jù. Òun náà ni ó sì kó mi sí wàhálà jù.

Ẹrẹ́nà: pẹpẹ

Pẹpẹ ni mo kọ́kọ́ ṣe. Gíga rẹ̀ jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, gígùn rẹ̀ 90, ìbú rẹ̀ 28. Ìpele méjì ni ó ní, kò sì ní ilẹ̀kùn. Mo fi pílíwúùdù tí ó nípọn tó mílímítà 18 ṣe ojú rẹ̀, mo fi arère ṣe ẹsẹ̀, nítorí pé arère fúyẹ́, ó sì rọ̀ fún ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ọjà pákó Bódìjà ni mo ti ra gbogbo rẹ̀, mo sì ra arère díẹ̀ kún un fún lẹ́tà tí mo ní lọ́kàn. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ṣì mú gan-an, pákó náà gbẹ gbúrúgbúrú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbígbẹ yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà bá a ní oṣù Okúdù.

Nígbà tí Maria Montessori, oníṣègùn ọmọ Ítálì, ṣí ilé àwọn ọmọdé ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù ní 1907, ọ̀kan nínú ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí àga, tábìlì àti ibi ìkẹ́rùsí wà ní ìwọ̀n ara ọmọdé, kí ọmọ lè mú ohun tí ó fẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó sì dá a padà fúnra rẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí fún Ìyá Àgbà bí ẹni tí ó rí wúrà he. Wọ́n wo pẹpẹ náà, wọ́n sì wo àpótí tí wọ́n fi ń jókòó dáná. Wọ́n ní, "Kí wọ́n tó bí mi ni àpótí ti kúrú báyìí. Ta ló sọ fún yín pé àgbàlagbà nìkan ló ń jókòó sórí ẹ̀?" Láti ọjọ́ náà ni àpótí kan ti wà níwájú pẹpẹ, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Àṣìṣe kìíní kò pẹ́ dé. Ní ọjọ́ kejì tí mo gbé pẹpẹ wọlé, Àjọkẹ́ fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìpele ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òkè mú kí ó lè gùn ún, pẹpẹ sì yẹ̀, ó ń bọ̀ wá sórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó gbá a mú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi irin méjì tí a tẹ̀ ní igun de pẹpẹ mọ́ ògiri, mo gbẹ́ ihò sínú búlọ́ọ̀kù, mo sì fi ìṣó tí a ń lọ́ wọlé mú un le. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí ó de é mọ́ ògiri kí ó tó gbé ohunkóhun lé e. Bí pẹpẹ ti wù kí ó kúrú tó, ọmọ ọdún méjì yóò gùn ún.

Àṣìṣe kejì ni pé mo kó ohun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbá gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì padà sídìí fóònù. Mo dín in kù sí mẹ́rin: igbá kékeré kan pẹ̀lú ìgbakọ, kọ́ọ̀bù onírin méjì, aṣọ ìnuwọ́ kan tí ó lè ká, àti àpò kan tí bàtà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí mo fi owó rà nínú wọn. Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ jókòó síbi kan fún ìgbà tí ó tó kí Ìyá Àgbà fi ro ọkà tán, tí ó ń bu gàrí láti inú kọ́ọ̀bù kan sí èkejì, tí ó ń dà á sílẹ̀, tí ó sì tún ń bù ú.

Ẹrẹ́nà sí Igbe: pákó olóhùn mẹ́ta

Èyí ni apá iṣẹ́ náà tí mo gbádùn jù, n óò sì fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Ìyàtọ̀ ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀ fún wa, etí ọmọ sì ni ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ẹnu rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n pè. Mo fẹ́ ohun èlò tí ó ní ohùn mẹ́ta péré, dò, re àti mí, tí ọmọ lè fi igi lù láìsí pé ó mọ ìlù lù. Pákó mẹ́ta tí gígùn wọn kò dọ́gba ni mo fi ṣe é.

Mo kọ́kọ́ gé e láti ara arère tí ó kù lára pẹpẹ. Ó ń dún bí ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò sí nílé. Bàbá fún mi ní àjákù igi apá tí ó wà lábẹ́ tábìlì wọn, igi tí ó le, tí ó sì wúwo, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn lójú ẹsẹ̀. Bí pákó bá nípọn bákan náà, gígùn rẹ̀ ni ó ń pinnu ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ti rò: bí a bá gé pákó sí ìdajì, iye ìgbà tí ó ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dì. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ díẹ̀ fi tó. Pákó dò jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà, ti re jẹ́ 34.5, ti mí sì jẹ́ 30. Bí ohùn kan bá relẹ̀ ju bí a ti fẹ́ lọ, a ó fá orí pákó náà díẹ̀ kí ó lè kúrú. Bí ó bá ròkè jù, a ó fá abẹ́ rẹ̀ ní àárín kí ó lè fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Mo fá ti re jù. Mo ní láti tún òmíràn gé.

Lẹ́yìn èyí ni mo kàn wọ́n mọ́ férémù pẹ̀lú ìṣó, méjì méjì lórí kọ̀ọ̀kan, ohùn gbogbo wọn sì kú pátápátá. Bàbá dáwọ́ iṣẹ́ wọn dúró.

"O kàn án mọ́lẹ̀ tán, o wá ní kó máa sọ̀rọ̀. Ṣé wọ́n máa ń de akọrin mọ́lẹ̀ ni?"

"Ibo wá ni kí n ti dì í mú, Bàbá?"

"Bu iyọ̀ wá."

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo lọ bu iyọ̀. Wọ́n tẹ́ pákó dò sórí fóòmù méjì, wọ́n wọ́n iyọ̀ sí ojú rẹ̀, wọ́n sì ń lu àárín rẹ̀ jẹ́jẹ́. Iyọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ń sá kúrò ní àárín, ó ń sá kúrò ní orí méjèèjì, títí ó fi tò jọ sí ìlà méjì tóóró tí ó dábùú pákó. Níbi ìlà méjèèjì yìí ni pákó kì í ti í gbọ̀n, ibẹ̀ nìkan sì ni a lè dì í mú láìpa ohùn rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án láti orí kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò rẹ̀ ni pé bí a bá pín gígùn pákó sí ọ̀nà 1,000, ìlà náà wà ní ọ̀nà 224 láti orí, yálà pákó gùn tàbí ó kúrú. Nítorí náà ti re bọ́ sí 7.7, ti mí sì bọ́ sí 6.7. Bàbá kò mọ 224. Iyọ̀ ni wọ́n mọ̀.

Mo gé rọ́bà sálúbàtà àtijọ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ pákó ní ojú ìlà wọ̀nyẹn, mo lu ihò níbẹ̀, mo sì fi okùn tí kò fún jù so ó. Okùn náà kò gbọdọ̀ gùn tó èyí tí ó lè yí ọrùn ọmọ po. Mo so ó ní kókó sí abẹ́ férémù, mo sì gé gbogbo èyí tí ó ṣẹ́kù lára rẹ̀ kúrò.

Èmi kò sì ronú kan orúkọ ọmọ náà títí di alẹ́ tí mo gbé e dé ilé. Àjọkẹ́: dò, re, mí. Pákó gígùn, pákó àárín, pákó kúkúrú, bí wọ́n ti tò tẹ̀ lé ara wọn gan-an. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, mo pe orúkọ náà tẹ̀ lé e. Mo tún lù ú, mo tún pè é. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá lù ú nínú yàrá láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, yóò ti ẹ̀yìnkùlé sáré wá, yóò sì dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ojú ẹni tí a pè. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ń pè é báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti fóònù ti kúrò ńlẹ̀.

Ìyá Àgbà gba igi ìlù lọ́wọ́ mi. Wọ́n lu dò dò fún bàtà, ó gbé bàtà wá. Wọ́n lu mí mí fún ṣíbí, ó lọ mú ṣíbí. Nígbà tí wọ́n lu re re pé kí ó gbé omi wá, aṣọ ni ó gbé wá, kò sì jẹ̀bi, nítorí pé re re ni aṣọ, re re ni omi, re re náà sì ni ẹja. Ìdí nìyí tí onígángan kì í fi í pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ó sì dákẹ́. Gbólóhùn oríkì gígùn ni ó máa ń lù, kí olùgbọ́ lè mọ èyí tí ó ń wí. Mo tún ṣàkíyèsí ohun kan tí n kò rò rí látọjọ́ tí mo ti ń sọ èdè yìí: kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ wa kan tí fáwẹ̀lì ṣáájú rẹ̀ tí a óò fi pákó kúkúrú bẹ̀rẹ̀. Dò tàbí re ni gbogbo wọn fi ń ṣílẹ̀.

Ìyàwó mi ni ó yí padà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń bá ọmọ sọ, nítorí ẹ̀rù pé yóò rẹ̀yìn ní ilé ẹ̀kọ́. Mo sọ fún un nípa ètò ọdún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò sì fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ó gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kọ́ ni ó ṣiṣẹ́. Pákó náà ni. Kò ṣeé ṣe láti lu "sit down" lórí rẹ̀ kí ó ní ìtumọ̀.

Igbe sí Èbìbí: lẹ́tà

Mo kọ́kọ́ ra lẹ́tà onípákó lọ́jà kí n lè fi òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣe àwòkọ. Lẹ́tà 26 ni ó wà nínú páálí. Mo yọ C, Q, V, X àti Z kúrò, nítorí pé a kò lò wọ́n. Ó ku 21. Mo wá Ẹ, Gb, Ọ àti Ṣ, n kò rí wọn. Àwọn mẹ́rin yìí ni n óò fi ọwọ́ ara mi ṣe kí ó lè pé 25. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé mẹ́rin tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ 21 tiwọn, wọ́n dà bí àlejò nínú ilé wọn. Mo dá ti ọjà padà sínú páálí, mo sì pinnu láti ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo gé arère ọjọ́ kìíní sí pákó pẹlẹbẹ 25, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó fẹ̀ ní mẹ́jọ, ó sì nípọn tó mílímítà 12. Gb jẹ́ pákó kan ṣoṣo, kì í ṣe g àti b tí a so pọ̀, nítorí pé lẹ́tà kan ni. Mo gé sáńdípépà ní àwòrán lẹ́tà, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pákó, kí ìka ọmọ lè máa tọ ipa lẹ́tà náà. Ọ̀dọ̀ Montessori ni mo ti rí ọgbọ́n yìí. Sáńdípépà tí mo kọ́kọ́ lò, nọ́ńbà 80, ń ha ìka ọmọ jù. Mo bọ́ gbogbo rẹ̀, mo fi nọ́ńbà 220 rọ́pò. Àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ ni mo fi igi roboto tíntín ṣe, mílímítà mẹ́jọ ní ìbú, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀. Ó rẹwà lójú mi.

Mo fẹ́ kun àwọn fáwẹ̀lì ní pupa. N kò fẹ́ lo ọ̀dà tí n kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọmọ yìí ń fi ẹnu tọ́ ohun gbogbo wò, kò sì sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a mọ̀ pé kò lè ṣe é ní jàǹbá. Mo bá lo osùn. Pákó náà pupa fòò. Ọwọ́ ọmọ náà pupa, ìrọ̀rí pupa, ẹ̀yìn ọrùn mi náà pupa. Ìyá Àgbà ní ọmọ tuntun ni wọ́n ń fi osùn pa lára, àwọn kò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n bí pákó. Mo fọ̀ ọ́ dànù. Ohun tí mo padà lò ni ìda oyin ìwọ̀n kan àti òróró àgbọn ìwọ̀n mẹ́ta, tí mo yọ́ pọ̀ nínú agolo tí mo gbé sínú omi gbígbóná, tí mo sì fi àkísà pa á lára igi.

Lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mo fi ìṣó gbígbóná ya àwòrán kan: ajá fún a, bàtà fún b, ẹja fún ẹ, gbágùúdá fún gb, labalábá fún l, ṣíbí fún ṣ. Mo dé orí u, mo sì dúró. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u. Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Mo ṣe àtẹ kan tí ó ní ojú 25, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò máa wọ̀, mo sì fi àyè mílímítà kan péré sílẹ̀ kí ó lè bá ara mu. Ó bá ara mu lóòótọ́.

Okúdù: ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Okúdù, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́tà kankan kò jáde nínú àtẹ mọ́. Pákó mi tí ó gbẹ gbúrúgbúrú ní oṣù Ẹrẹ́nà ti mu omi inú afẹ́fẹ́. Igi kì í gùn sí i bí ó bá mu omi. Ìbú rẹ̀ ni ó ń wú, ní ìdábùú ọ̀nà tí iṣan rẹ̀ gbà. Mílímítà kan tí mo fi sílẹ̀ ni sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ìbú ti gbé mì. Mo fi ọ̀bẹ yọ wọ́n, mo fọ́ J. Sáńdípépà náà ti ń ṣí ní etí, nítorí pé gọ́ọ̀mù tí a fi omi pò kò fẹ́ràn òjò.

Èyí tí ó burú jù kò ní í ṣe pẹ̀lú òjò nìkan. Ìyá Àgbà ni wọ́n gbọ́ tí ọmọ náà ń húkọ́ lẹ́bàá pẹpẹ. Wọ́n fi ìka ṣí ẹnu rẹ̀, wọ́n sì yọ nǹkan roboto kan tí itọ́ ti bò: àmì abẹ́ Ọ. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo dé, wọn kò bá mi wí, ojú wọn nìkan ni mo rí. Òfin Amẹ́ríkà lórí ohun ìṣeré sọ pé ohun tí a ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ ní ẹ̀yà kankan tí ó lè wọ inú kọ́ọ̀bù kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 31.7. Mílímítà mẹ́jọ ni tèmi. Mo ti kà nípa òfin náà ní oṣù Èrèlé, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀; ohun tí ó rẹwà lójú mi ni kò jẹ́ kí n rántí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kó gbogbo lẹ́tà kúrò, mo fi òwú wọn ìbú gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, mo sì gbé ọpọ́n ayò mi pẹ̀lú ọmọ ayò 48 rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù gíga. Mo ti ń rò ó pé ojú 12 ọpọ́n náà yóò dára fún kíka ení, èjì, ẹ̀ta. Yóò dára, lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Lẹ́bàá ààrò, ní oṣù kan náà

Àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò fi sí lẹ́tà nílé ni mo fi mọ ohun tí ọmọ náà ń kọ́ ní tòótọ́. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, atẹ ẹ̀wà wà láàárín wọn, ojú Ìyá Àgbà kò sì kúrò lára rẹ̀, nítorí pé imú ọmọ ọdún méjì àti ẹ̀wà jẹ́ ọ̀rẹ́. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. "Èyí dúdú bíi kóró iṣin, jù ú nù. Èyí funfun, fi síbí." Ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mú ẹyọ kan ní ìgbà kan, ahọ́n rẹ̀ yọ síta nítorí ìfarabalẹ̀. Ìka méjì wọ̀nyí gan-an ni yóò fi di pẹ́ńsù mú lọ́jọ́ iwájú, n kò sì lè fi igi ṣe ohun kan tí yóò kọ́ wọn ju ẹ̀wà yìí lọ. Àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní òǹkà: ení, èjì, ẹ̀ta nígbà tí wọ́n bá ń kà á sínú abọ́, bí wọ́n bá sì ní kí ó mú u wá, àlùbọ́sà méjì, àlùbọ́sà mẹ́ta ni wọ́n ń sọ. Ọmọ náà kò ṣi ọ̀kan lò fún èkejì. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún un.

Mo jẹ́wọ́ nínú ìwé ìṣirò mi pé lẹ́tà kọ́ ni ọmọ yìí ń wá ní ọjọ́ orí rẹ̀. Èmi ni mo ń wá a. Mo tún un ṣe síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kánjú mọ́.

Agẹmọ: àtúnṣe

Mo bọ́ sáńdípépà dànù pátápátá. Bàbá kọ́ mi bí a ti ń lo irin ìgbẹ́gi, mo sì gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wọnú igi ní kòtò tí ó jìn tó mílímítà mẹ́rin, tí ó fẹ̀ tó ìka ọmọ. Sátidé mẹ́fà ni ó gbà. Kò sí ohun tí a lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́, kò sì sí ohun tí ó lè já. Àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ di ihò roboto tí ó fẹ̀ tó mílímítà mẹ́wàá, tí ó sì jìn ní mẹ́ta péré. N kò jẹ́ kí ó lu já, kí ìka má baà há síbẹ̀. Bàbá ní kí n fá etí pákó kọ̀ọ̀kan kí àyè tí ó kù nínú àtẹ tó mílímítà mẹ́ta, kí n sì ṣe é nígbà òjò yìí tí igi ti wú tán. "Nígbà ọyẹ́, yóò máa mì lọ́wọ́ rẹ," ni wọ́n wí. "Kò burú. Èyí tó ń mì kì í há."

Lẹ́tà tuntun J ni mo fi àjákù apá ṣe, nítorí pé arère ti tán. Ó wúwo ju àwọn yòókù lọ. Òun sì ni Àjọkẹ́ fẹ́ràn jù, kì í ṣe nítorí orúkọ rẹ̀, bí kò ṣe pé ó dún dáadáa bí ó bá jù ú lulẹ̀.

Ògún: bí ó ti rí báyìí

Ó ti lé ní ọdún méjì àti oṣù márùn-ún. Ó ń fi lẹ́tà ṣe abọ́: B ni ọkà, O ni ẹ̀kọ, gbogbo wa ni ó sì ń bù fún. Bí ó bá mú O àti Ọ dání, ìka rẹ̀ yóò lọ sí ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò wá ihò, bí ó bá rí i, yóò ní "Ihò wà!", bí kò bá rí i, yóò ní "Ihò lọ!" Kò mọ̀ pé lẹ́tà ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un.

Okùn pákó dò ti gbó, ó yẹ kí n pààrọ̀ rẹ̀ ní Sátidé tí ń bọ̀. Rọ́bà abẹ́ pákó mí ti fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n sálúbàtà kejì ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ u náà sì ti yanjú, tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú. Ìjẹ̀ṣà ni Ìyá Àgbà. Wọ́n rí pákó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, wọ́n bi mí léèrè ìdí rẹ̀, mo sì ní kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè fi ya àwòrán síbẹ̀.

"Ulé ńkọ́?" ni wọ́n wí.

Mo ya ilé kan tí ó ní ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì sí ẹ̀yìn u. Nísinsìnyí, bí Ìyá Àgbà bá gbé e sókè tí wọ́n sì ní "ulé", Àjọkẹ́ yóò gbà á lọ́wọ́ wọn, yóò wò ó dáadáa, yóò sì ní "ilé". Wọn yóò tún ní "ulé". Lánàá, mo fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo lọ wá òwú àti ìda.